Ilé Gígùn fún Àwọn Ará Àgọ́ Sagbo

14 Oṣù Kẹta 1977, Mọ́ńdè

Stándààdì Fóò ni mo kà dé, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, òní ni wọ́n sì sọ mí di ayàwòrán ilé. Ọládàpọ̀, akọ̀wé káńsù, ló gun alùpùpù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi. Ọmọ náà mọ́ tónítóní. Péènì mẹ́ta ló fi sí àpò àyà, bí ẹni pé ọ̀kan lè dákú lójú ọ̀nà. Ó ní káńsù fẹ́ kí n bá wọn kọ́ ilé kan sẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Apa, tí àwọn ará Àgọ́ Sagbo máa gbé fún oṣù mẹ́fà. Mo ní oṣù mẹ́fà ti ìjọba ni àbí ti èèyàn? Kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní ìwé yìí pé kí n máa kọ iye ọparun tó bá wọlé sí i. Màá kọ ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọparun kì í pẹ́ tán, ìwé náà sì nípọn.

Òkun ló lé àwọn èèyàn náà. Láti ìparí oṣù tó kọjá ni omi ti gba abúlé wọn tán. Ìdílé méjìlélógún ni wọ́n, kíláàsì ilé-ìwé ni wọ́n ń sùn, àwọn ọmọ ilé-ìwé wá ń kàwé lábẹ́ igi fúrúùtù. Mákánjú, ọ̀gá ilé-ìwé, ti fún wọn ní gbèdéke. Ní Mọ́ńdè 25 Oṣù Kẹrin, tí họlidé Àjíǹde bá parí, òun ò fẹ́ rí ẹní kan nílẹ̀ kíláàsì òun. Bí ilé ò bá tíì ṣe é wọ̀ lọ́jọ́ náà, káńsù á pín wọn: ìdílé mẹ́jọ sí Iworo, méje sí Ajido, méje sí Ikoga.

Mo ya kí Sagbo, olórí wọn. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti ní eyín lẹ́nu.

Ó ní, "Fàsásì, tí wọ́n bá pín wa, ó parí. Ogójì èèyàn ní ń fa àwọ̀n wa, ogún lókùn ọ̀tún, ogún lókùn òsì. Ta ló máa ti Ikoga wá fa okùn láàárọ̀ kùtù?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti kọ́ ilé adìyẹ tó tóbi ju abúlé rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mo rí àwọn adìyẹ náà nígbà tí wọ́n ń sá jáde."

16 Oṣù Kẹta, Wẹ́sìdé

Ọládàpọ̀ tẹ́ pépà sórí tábìlì mi. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ n'Íkẹjà ló yà á. Yàrá méjìlélógún ló tò sórí ìlà kan ṣoṣo bíi bọ́gì rélùwéè, gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí títì. Mo bi í pé níbo ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ wo?" Mo fi í sílẹ̀.

A lọ síbẹ̀, a fi okùn wọ̀n ọ́n. Ilé tó wà nínú pépà gùn tó igba ẹsẹ̀ bàtà ó lé ogún. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wa ò ju àádọ́jọ lọ kó tó di àbàtà. Yàrá méje tó kẹ́yìn máa wà nínú omi. Mo ní ìyẹn náà dáa, apẹja ṣáà ni wọ́n, wọ́n á máa ti orí ẹní ju ìwọ̀ sódò. Lónìí ó rẹ́rìn-ín, díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan.

Mo fi ọ̀pá ya tèmi sórí iyanrìn. Ìlà méjì ni, yàrá mọ́kànlá níhìn-ín, mọ́kànlá lọ́hùn-ún, wọ́n kọjú síra wọn, àgbàlá tóóró wà láàárín. Àádọ́fà ẹsẹ̀ bàtà péré. Ọládàpọ̀ dà á kọ. Ó ní òun máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé àwọn ni wọ́n rò ó. Mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà á gbọ́.

21 Oṣù Kẹta, Mọ́ńdè

Ọparun igba dé láti Ikoga. Àádọ́rin nínú rẹ̀ ló wọ́ bí ẹsẹ̀ àna mi. Ìṣó ò sí lọ́jà. Gàrí tún ti fi kọ́bọ̀ márùn-ún wọ́n sí i. Wọ́n ní owó epo rọ̀bì ti kún ilẹ̀ yìí dé ọrùn, bóyá ó ń sinmi lọ́nà, kò tíì dé ọ̀nà Apa.

Dosi ni aṣáájú àwọn obìnrin Àgọ́ Sagbo. Òun ló kó wọn jọ tí wọ́n ń hun imọ̀ àgbọn tí a máa fi bo òrùlé. Ahọ́n obìnrin yìí mú ju ayùn mi lọ. Ó kí mi lédè wọn, bí wọ́n ṣe ń kí bàbá àgbà, "Dàágbó, a fọ́n gánjí à?" Mo ní mo jí dáadáa, ojú rẹ̀ tí mo rí ló bà á jẹ́. Ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀ pé ojú mi ṣì ń ríran, òun ti rí òpó tí mo gbẹ́ lánàá.

Mo wo òpó náà lẹ́yìn tó lọ. Ó wọ́ lóòótọ́.

Nítorí pé ìṣó ò sí, àwọn ọkùnrin wọn ń fi okùn di igi mọ́ igi. Kókó tí wọ́n ń ta, bí òjò bá pa á, ṣe ló tún ń le sí i. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń kan ìṣó, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí. N ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó yà mí lẹ́nu.

24 Oṣù Kẹta, Tọ́sìdé

Òjò. Mo sùn. Ó dùn.

26 Oṣù Kẹta, Sátidé

Mo fi okùn àti èèkàn ya gbogbo yàrá sílẹ̀, mo ní kí wọ́n wá wo ilé wọn kó tó dìde. Wọ́n wá tọmọtọmọ. Mo rìn níwájú bíi mọ́gàjí, mò ń nàka: ibi ìdáná rèé, ní ẹ̀yìn, kí iná má bàa kan imọ̀. Ibi tí ẹ máa yan ẹja rèé, lọ́nà tí afẹ́fẹ́ á gbé èéfín lọ sí ọ̀dọ̀ Mákánjú. Salangá rèé. Ewúrẹ́ pàápàá ní ibi tiwọn.

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ẹwà rẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Dosi ní, "Dàágbó, níbo ni àwọ̀n máa sùn?"

Mo ní, "Àwọ̀n náà ń sùn? Ṣé ó máa ń hanrun?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àní àwọn ọmọdé. Ẹ̀fẹ̀ mi kan kì í balẹ̀ báyẹn.

Sagbo fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nígbà ayé bàbá bàbá àwọn, àwọ̀n sùn ní yàrá ọkùnrin kan fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní tàwọn ni. Ìjà yẹn ló lé ìdajì abúlé lọ sí ìhà Kutonu, wọn ò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà, àwọ̀n ní ilé tirẹ̀ láàárín abúlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé e wọ yàrá.

Mo ka orí èèyàn, mo ka ìkòkò, mo ka ewúrẹ́. Mi ò ka àwọ̀n. Ará orí ilẹ̀ ni mí.

28 Oṣù Kẹta, Mọ́ńdè

Mo bẹ Ọládàpọ̀ fún yàrá kẹtàlélógún. Ó ní yàrá méjìlélógún ni wọ́n fọwọ́ sí, ẹni tó máa wá yẹ ilé wò máa ka ilẹ̀kùn, tó bá fi ọ̀kan lé, kò ní sí imọ̀, kò ní sí ọparun, kò sì ní sí Ọládàpọ̀ ní káńsù mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. N ò yọ ọ́ lẹ́nu.

Bí yàrá ọ̀hún bá tilẹ̀ wà, ìpẹ̀kun ilé ló máa bọ́ sí, Dosi sì ti ní ẹni tó bá bá a pín ògiri á pè é ní tirẹ̀ kí ọdún tó yí. A ò sì lè fi í síta. Olè wà, òjò ń bọ̀.

31 Oṣù Kẹta, Tọ́sìdé

Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ní ilé-ìwé. Ìdílé mẹ́ta ló ti ní àwọn á kàn bá wọn tọ́jú àwọ̀n ní yàrá àwọn, fún oṣù mẹ́fà péré, torí Ọlọ́run. Zinsu tó ń ṣáájú okùn ọ̀tún ní bí ó bá wọ yàrá ẹnikẹ́ni, òun ò ní bá wọn wọlé. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní àwọn àna òun wà l'Ájido, kí káńsù má wulẹ̀ dààmú láti pín òun, òun á pín ara òun.

Sagbo ní bí Zinsu bá lọ, ìdílé márùn-ún á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù. Mo jẹun, kò dùn lẹ́nu mi. Mo sọ fún Ganiyat ìyàwó mi pé ọbẹ̀ rẹ̀ ló fà á, kó má bàa bi mí léèrè.

2 Oṣù Kẹrin, Sátidé

Ganiyat ní kí n gun àpótí, kí n bá òun mú àgbàdo lórí àjà. Mo gùn ún. Mo nawọ́. Mo dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Rauf, ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?"

Mo ní kó dákẹ́, mò ń bá àgbàdo sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kí wọn, kí n sì mú mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni àgbàdo ti ń gbé lókè orí wa. Kò sí nínú yàrá rẹ̀, kò sí nínú tèmi.

4 Oṣù Kẹrin, Mọ́ńdè

Èyí ni ohun tí mo yà fún wọn lórí iyanrìn. Òrùlé méjèèjì á pàdé lókè àgbàlá, wọ́n á di ẹyọ kan. Àgbàlá á di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti orí ilẹ̀kùn ọ̀tún sí orí ilẹ̀kùn òsì, igi ìdábùú kan. Ilẹ̀kùn mọ́kànlá kọjú sí mọ́kànlá, igi mọ́kànlá. Orí àwọn igi náà ni àwọ̀n á sùn sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé dé ìparí.

Zinsu rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Orí ilẹ̀kùn ta ni?"

Mo ní, "Tìẹ. Àti ti ẹni tó kọjú sí ọ. Àti ti gbogbo wọn. Yọ òpó ilẹ̀kùn ẹnì kan kúrò, kí o wò ó bóyá kò ní tẹ̀."

Ó tún yí i ká. Ó lọ tú ẹrù rẹ̀.

Dosi ní, "Dàágbó, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

Mo ní, "Àgbàdo." Ó rò pé mo ti bẹ̀rẹ̀ síí ṣarán. Ó fún mi ní ẹja yíyan méjì.

Ọládàpọ̀ ló kù. Ó ní, "Bàbá, kò sí nínú pépà." Mo ní ṣebí péènì mẹ́ta ló ní. Mo jókòó tì í. Ó fa ìlà, ó pa á rẹ́, ó fa òmíràn. Ó ka ilẹ̀kùn: méjìlélógún ṣì ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i, ó sì ń làágùn bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. N ò ní sọ fún un.

7 Oṣù Kẹrin, Tọ́sìdé

Ọparun ò lè gbé e. Àwọ̀n tó rin gbingbin wúwo ju mààlúù lọ. Igi àgbọn ni òpó gbọ́dọ̀ jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ́ ká gé tirẹ̀.

Sagbo ní igi àgbọn wà. A wọ ọkọ̀ lọ sí Àgọ́ Sagbo. Àgbọn tí òkun wó sùn sílẹ̀ létí omi bí ẹni tó mutí yó. A ń gé e, a ń so ó pọ̀ ká lè fi ọkọ̀ fà á. Nígbà tó yá n ò rí Sagbo mọ́. Ó wà nínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn nǹkan.

Ó ní, "Ibí yìí ni àga mi máa ń wà."

Mo ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu. Mo gbé e mì. Mo wọ inú omi lọ bá a dúró díẹ̀.

12 Oṣù Kẹrin, Túsìdé

Ọdún Àjíǹde ti lọ. Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ ìrẹsì ò ní ẹ̀sìn. Gbogbo òpó ti dúró, igi ìdábùú mọ́kànlá wà lórí wọn. Mo ní kí ọkùnrin mẹ́fà so mọ́ ọ̀kan bí àdán, ká wò ó. Kò mira. Mo ní kí Dosi náà so mọ́ ọn. Ohun tó sọ, n ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba.

15 Oṣù Kẹrin, Jímọ̀

Ìjì. Ìdajì òrùlé fò lọ. Bí ogójì imọ̀ ló bà sórí ilé Mákánjú. Mo lọ sọ fún un pé a ti bẹ̀rẹ̀ síí bo tirẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá ló kù, kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n sọ ní Mákánjú, tí ń kánjú báyìí.

Mo rẹ́rìn-ín dé ìta. Mo wá wo òrùlé náà láti títì, ẹ̀rín náà tán. Ilé ń wo òkè bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀.

18 Oṣù Kẹrin, Mọ́ńdè

Gbogbo obìnrin ló ń hun imọ̀. Ganiyat náà wá, òun àti Dosi jókòó pa pọ̀ láti òwúrọ̀. Mo gbọ́ orúkọ mi lẹ́ẹ̀méje, ẹ̀rín sì ń tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀méjèèje. Ohun tí mo bẹ̀rù jù láyé ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Mákánjú fúnra rẹ̀ yọjú lọ́sàn-án, ó bọ́ kóòtù, ó ní òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ kí òun lè rí kíláàsì òun gbà. Ó ta kókó kan. Kókó náà tú. Ó ta òmíràn. Zinsu dì í lọ́wọ́ mú bí ọmọ íńfáǹtì, ó kọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti ta mọ́kàndínlógún, ó sì ń pe gbogbo èèyàn wá wò ó.

20 Oṣù Kẹrin, Wẹ́sìdé

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Òrùlé kù díẹ̀.

22 Oṣù Kẹrin, Jímọ̀

Òrùlé parí kí n tó lọ kírun Jímọ̀. Òjò rọ̀ nígbà tí mo wà ní mọ́ṣáláṣí. N ò mọ ohun tí lèmọ́ọ̀mù sọ. Mo sáré padà, mo bá Ọládàpọ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń dúró kí omi kán sí i. Kò kán.

Ó ní, "Bàbá, kò jò."

Mo ní kí ló fẹ́ kó ṣe.

23 Oṣù Kẹrin, Sátidé

Àwọ̀n ló kọ́kọ́ wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ nínú ọ̀sà lánàá. Ogójì èèyàn ló gbé e lé èjìká láti ilé-ìwé, ó gùn bí ejò tí kò ní ìrù, ó gba ojú títì kan. Lọ́rì mẹ́rin dúró dè wá. Dírẹ́bà kan bi mí pé òkú ta ni. Mo ní òkú wo, ìyàwó ni a ń sìn lọ ilé ọkọ.

Wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n tẹ́ ẹ sórí igi mọ́kànlá. Igi dún díẹ̀, ó dákẹ́. Gbogbo wa gbójú sókè. Kò tẹ̀ sí ọ̀tún, kò tẹ̀ sí òsì.

24 Oṣù Kẹrin, Sọ́ńdè

Mo bá Sagbo láàárọ̀ tí imú rẹ̀ ń da omi. Àṣà wọn ni kí olórí nìkan sùn sí tòsí ibùsùn tuntun àwọ̀n, lálẹ́ àkọ́kọ́ péré. Àwọ̀n náà ò tíì gbẹ, ó sì tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀ gan-an. Orí rẹ̀ ni omi ń kán sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní ìgbà wo lo mọ̀? Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ojú ń ti òun láti sún.

Ìdílé méjìlélógún wọlé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọ méjì ti jà, ewúrẹ́ kan ti jẹ imọ̀, wọ́n sì ti ń yan ẹja. Ilé ti gbó tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọládàpọ̀ ka ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

25 Oṣù Kẹrin, Mọ́ńdè

Mákánjú kò rí ẹní kankan nílẹ̀ kíláàsì. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ó ṣeun. Ó tún béèrè bóyá ọ̀rọ̀ òrùlé ilé òun ṣì wà níbẹ̀.

26 Oṣù Kẹrin, Túsìdé

Òní ni wọ́n kọ́kọ́ da àwọ̀n sókun láti ìgbà tí omi ti lé wọn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ, mo fẹ́ jókòó wòran, kí n sì gba ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, ó gbé orí okùn kejì padà wá sétí omi. Dosi bẹ̀rẹ̀ síí ka èèyàn. Ogún lókùn ọ̀tún. Mọ́kàndínlógún lókùn òsì. Sagbo ni kò sí. Ibà ti gbé e dè lórí ẹní, látàrí omi àwọ̀n.

Zinsu ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fà á. Òkun ń fa tirẹ̀. Okùn òsì ń yọ̀ lọ lọ́wọ́ wọn.

Dosi kọjú sí mi. "Dàágbó, ẹ ń wò wá ni?"

Mo ní arúgbó ni mí, káfíńtà ni mí, ará orí ilẹ̀ ni mí. Ó ní gbogbo ìyẹn ni òun mọ̀, òun ò bi mí. Mo ká ṣòkòtò, mo lọ síbi tí Sagbo máa ń dúró sí. Okùn náà rí bí ayùn. Zinsu dá orin, wọ́n gbè é. N ò mọ orin náà, mo ń lanu lásán. A fà á. Mo rò pé yóò já mi sínú omi. A tún fà á. Nígbà tó yá n kò fa nǹkan kan mọ́ fúnra mi, gbogbo wa là ń fà á, ẹsẹ̀ mi sì ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí mo fi rí i tí inú àwọ̀n ń tàn nínú omi.

Sádìnnì ló pọ̀ jù. Wọ́n fún mi ní ìpín ẹnì kan gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín.

Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ti bó. Ganiyat ń fi òróró àgbọn pa á bí mo ṣe ń fi ìka mẹ́ta kọ èyí. Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́ apẹja. Mo sọ fún un pé wọn ò lè fa àwọ̀n náà jáde láìsí mi. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ fún obìnrin yìí láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò sí òótọ́ tó mọ́ tó ìyẹn, òun náà ló sì pa á lẹ́rìn-ín jù.